Ta Ló Ni Ìró Tó Ń Dún Nínú Fóònù Wa?

Ibì kan wà nínú gbogbo ẹ̀rọ PABX tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìbáà jẹ́ ní Alábà l'Ékòó, ní Kumasi tàbí ní Kutọnu, tó máa ń bi ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ ní ìbéèrè kan: orílẹ̀-èdè wo lo wà? Ọmọ ọdún márùn-ún lè dáhùn ìbéèrè yìí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń fi iṣẹ́ fóònù ilé-iṣẹ́ jẹun, mi ò mọ iye àpótí tí mo ti ṣí tí mo bá "United States" níbẹ̀. Ilé-ìwé girama kan ní Oǹdó, United States. Àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀yọ́, United States. Ilé ìtura kan ní Lomé tó jẹ́ pé èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, United States. Ẹni tó ṣètò àwọn ẹ̀rọ yìí kò yan Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ló bá níbẹ̀, ó sì tẹ "Next".

Mo ti mọ ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún mi tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí fóònù ń lọ, ó sì ń bọ̀? Kí ló tún kù?" Ohun tó kù pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ jà fún lónìí ni pé ìró tí fóònù ń dún sí wa létí jẹ́ nǹkan ìlú, gẹ́gẹ́ bí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó ṣe jẹ́ nǹkan ìlú, àti pé àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fi tiwa sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó yẹ kó mójú tó o ń sùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí sì ń bá wọn hanrun.

Kí fóònù tó ní ojú tí ènìyàn ń wò, etí nìkan la fi ń mọ ohun tó ń ṣe. A gbé e, ìró gbọọrọ kan dún láìdáwọ́ dúró: ọ̀nà ti ṣetán, ẹ tẹ nọ́ńbà. A tẹ nọ́ńbà tán, ìró mìíràn ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún: fóònù ẹni tí à ń pè ti ń dún lọ́hùn-ún. Tí onítọ̀hún bá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìró kúkúrú kúkúrú tí gbogbo ayé ń pè ní bísì la máa gbọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló dí, tí kì í ṣe ẹni náà, ìró kúkúrú yẹn á yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ méjì tó kẹ́yìn yìí. Bísì ń sọ pé: ẹ ní sùúrù, ó wà níbẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìró tó yára ń sọ pé: ẹ má bínú sí i, ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀bi wà. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpè ti ń jẹ́wọ́ fún oníbàárà rẹ̀, láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Àwa tí èdè wa jẹ́ èdè olóhùn, tí onílù wa lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó fi awọ lásán pe àlejò lórúkọ bàbá rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wa pé ìró ní ìtumọ̀.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló wá ní tirẹ̀. Bísì Amẹ́ríkà jẹ́ ìró méjì tí wọ́n pò pọ̀, 480 Hz àti 620 Hz, tó ń dún fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń dákẹ́ fún ìdajì. Bísì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìró kan ṣoṣo, 400 Hz, ó sì yára díẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ti Jámánì jẹ́ 425 Hz. Ìró tó ń sọ fún wa pé fóònù ń dún lọ́hùn-ún tún yàtọ̀ síra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà ó ń dún fún ìṣẹ́jú àáyá 2, á dákẹ́ fún 4. Ní ilẹ̀ Faransé, á dún fún 1.5, á dákẹ́ fún 3.5. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn kíákíá kó tó dákẹ́. Ẹni tó bá ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí ti mọ ìró onílọ́po méjì yẹn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìró ìlú tí fóònù wà gan-an ló máa ń dé etí ẹni tó ń pè, mo sì mọ ẹnì kan tó fi mú onígbèsè rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun wà ní Ìbàdàn, òun ń wá owó kiri. Fóònù rẹ̀ ń dún "tìrín-tìrín" bíi ti Lọ́ńdọ̀nù.

Amẹ́ríkà náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo. Láyé ìgbà kan, bísì ìlú kan níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìlú tó múlé tì í. Ilé-iṣẹ́ Bell ló jókòó, tó to gbogbo rẹ̀ sí ìlànà kan tí wọ́n pè ní Precise Tone Plan. Àwọn orílẹ̀-èdè náà kó ara wọn jọ sábẹ́ àjọ ITU ní Geneva, wọ́n sì ní ìwé ìlànà kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ E.180. Ìwé yìí dábàá 425 Hz fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. ITU tún ní àkójọ kan tó to ìró orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Ṣáínà tàbí ní Jámánì lè mọ ohun tí fóònù ń sọ ní ibi tó ń tà á sí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ló ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. ITU kì í gbé ẹ̀rọ wá sí Àkúrẹ́ láti wá wọn ìró.

Asterisk ni sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ PABX òde òní dúró lé lórí. Ó ní fáìlì kan tó ń jẹ́ indications.conf. Nínú fáìlì àpẹẹrẹ tó máa ń bá a wá, "country=us" ni wọ́n kọ sókè. Lẹ́yìn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì lẹ́tà méjì. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò le rárá. 425/500,0/500 túmọ̀ sí pé kí ìró 425 Hz dún fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kó sì dákẹ́ fún ìdajì. 480+620/500,0/500 ni bísì Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé-ìwé girama lè kọ ọ́. Nínú ẹ̀dà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, Bùràsílì wà níbẹ̀, Íńdíà wà níbẹ̀, Gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀. Ìró tí Amẹ́ríkà ti fi sílẹ̀ látijọ́ pàápàá ní àyè tirẹ̀, "us-old" ni wọ́n pè é. Mo wá Nàìjíríà, mo wá Gánà, mo wá Sẹ̀nẹ̀gàl, mo wá Benin àti Tógò. Mi ò rí ọ̀kankan.

Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń fẹ́ kí n pariwo pé òyìnbó ti rẹ́ wa jẹ. Rárá o. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Gbangba ni fáìlì náà wà, ẹnikẹ́ni lágbàáyé ló lè fi ìlà márùn-ún tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ti àwọn ará Íńdíà wà níbẹ̀. Àwa ní àwọn ẹnjiníà, a ní àwọn yunifásítì tí ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún márùn-ún gbáko, a ní àjọ ìjọba tó ń gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Ìlà márùn-ún la ò rí kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlà márùn-ún yìí ń ná wa.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tí wọ́n pè mí sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Línì mẹ́ta ni wọ́n ní, láti inú àwọn fóònù orí tábìlì tó ń lo síìmù, tí wọ́n so mọ́ PABX. Ẹ̀rọ náà máa ń gbé ìpè fúnra rẹ̀, á ní kí ẹni tó pè tẹ 1 fún dókítà, 2 fún ibi ìgbowó, 3 fún yàrá àwọn aboyún. Ìṣòro wọn ni pé tó bá ti di aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò sí ìpè tó tún ń wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá pè á gbọ́ bísì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé àwọn ẹbí aláìsàn máa ń gun ọ̀kadà wá láti wá bínú sí àwọn pé àwọn kò gbé fóònù. Fóònù kò sì dún rárá lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹni tó pè láti ìta bá gé fóònù rẹ̀, PABX kò ní ojú tó fi lè rí i pé ó ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó fi lè mọ̀ ni pé fóònù orí tábìlì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bísì sínú wáyà. Tí PABX bá gbọ́ bísì, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, á sì tú línì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún PABX yìí pé Amẹ́ríkà ló wà. Ó wá dẹ etí sí 480 Hz àti 620 Hz pọ̀. Ẹ̀rọ kò ní làákàyè tá á fi sọ pé, "Èyí jọ bísì o." Ó kàn ń wọn agbára ìró ní ibi méjì yẹn ni, ó sì ń gbójú fo gbogbo ìyókù. Ohun tó ń wọlé sí i jẹ́ ìró kan ṣoṣo, nǹkan bí 425 Hz. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan ṣì wà lórí línì tó ń ṣe ariwo tí kò yé òun. Ó wá di línì mú. Ẹni àkọ́kọ́ pè, ó gé e, línì kìíní lọ. Ẹnì kejì, línì kejì. Ẹnì kẹta, ó parí. Ilé ìwòsàn odindi ti dá ara rẹ̀ mọ́ inú ilé.

Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti ra PABX mìíràn lẹ́ẹ̀kan, nítorí wọ́n rò pé ti tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó tà á fún wọn wá so ó mọ́ ògiri, ó tún fi United States sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo gba ìró bísì yẹn sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo ṣí i nínú Audacity, mo wo ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí, mo wọn bó ṣe ń dún àti bó ṣe ń dákẹ́, mo sì tẹ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ. Kò gbà mí tó wákàtí kan. Ó yẹ kí n lè mú nọ́ńbà yẹn nínú ìwé ìjọba, kí n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọn ìró bí ẹni tó wà nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí.

Ẹnì kan á ní ayé wáyà ti lọ. Òótọ́ ni. NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, kò fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí 400,000 línì lọ fún odindi Nàìjíríà nígbà tí GSM fi dé ní 2001, ẹ sì mọ ibi tí NITEL wà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín. Nínú ìwé àlàyé tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń ṣe áàpù, wọ́n to àwọn ìró tí fóònù náà lè dún fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Fún bísì, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kọ: ti CEPT, ti ANSI, ti Jàpáànì. ANSI ni Amẹ́ríkà. CEPT ni àpapọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti ìbánisọ̀rọ̀ ti Yuróòpù, 425 Hz sì ni tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí fóònù bá ní kí òun sọ fún ìyá àgbà ní Ṣakí pé ìpè rẹ̀ kò lọ, ó ti ní láti yan ẹni tó máa bá a sọ ọ́ láàárín ará Yuróòpù, ará Amẹ́ríkà àti ará Jàpáànì.

Ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ wá mú un le sí i. Lórí irú ìpè bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí ìró kankan tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń pè wá. Iṣẹ́ kékeré kan ló ń wọlé, "180 Ringing", fóònù orí tábìlì tiwa ló sì máa pinnu irú ìró tó máa fi sọ ọ́ fún wa. Ohun tó bá wà nínú ètò rẹ̀ ló máa dún. Akọ̀wé kan ní Accra á pe oníbàárà ní Kánò, á sì máa gbọ́ ìró Atlanta. Bí wáyà ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè "orílẹ̀-èdè wo lo wà" ń wọnú ẹ̀rọ púpọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé mi ò ní ìjà pẹ̀lú 425 Hz. Ìró tó dára ni. Tí wọ́n bá ní kí n dìbò lọ́la, òun ni màá dìbò fún, nítorí ó rọrùn fún etí àti fún ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ò yan án. A kàn bá a níbẹ̀ ni, ní ibi tí a bá tiẹ̀ ti bá a. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóònù kan bá ra ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ láti Sweden, tí èkejì ra tirẹ̀ láti Ṣáínà, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà tó kúrò nínú àpótí ni etí wa máa gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá kó ohùn ènìyàn dé. Dípò ìró, obìnrin kan á sọ fún wa pé nọ́ńbà tí a pè kò ṣeé dé, tàbí pé wọ́n ti pa fóònù náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ní Nàìjíríà àti Gánà, Faransé ni ní Benin, ní Tógò, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìyá kan ládùúgbò wa máa ń dá ohùn náà lóhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ bá mi pè é síbẹ̀." Ó rò pé ènìyàn ni. Ẹ̀rín ń pa àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá náà ló kùnà.

Àjọ ITU ti ronú kan irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ìlànà wọn ni pé kí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó sọ̀rọ̀, kí ìró mẹ́ta kọ́kọ́ dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: 950 Hz, 1400 Hz, 1800 Hz. Kò gùn, ìró kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á ti mọ̀ pé ìpè òun kò wọlé, á sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìró mẹ́ta yìí kò nílò ògbufọ̀, ìbáà jẹ́ sí Haúsá, sí Twi, sí Wolof tàbí sí Fọ̀n. Lórí ìpè tí mò ń pè lójoojúmọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ní agbègbè tí èdè pọ̀ sí tó báyìí, ohun tí ó yẹ kí a dì mú ṣinṣin nìyẹn, òun gan-an la jẹ́ kó bọ́ sọnù.

Ohùn yẹn tún máa ń purọ́. Gbogbo wa la ti pe ẹni tó jókòó tì wá rí, tí fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, tí iná rẹ̀ ń tàn, tí obìnrin yẹn sì ń sọ fún wa pé ó ti pa á. Nẹ́tíwọ̀kì ló dí, wọ́n wá di ẹ̀bi ru ẹni tí à ń pè. Ìjà tí irọ́ kan ṣoṣo yìí ti dá sílẹ̀ láàárín tọkọtaya àti láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìró tó yára fún ọ̀nà tó dí kì í di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbọ́ ọ mọ́.

Ti orin ńkọ́? Ẹ pe ènìyàn mẹ́wàá lónìí, ẹ ó gbọ́ orin tàbí ìwàásù tàbí ìpolówó lọ́dọ̀ àwọn mélòó kan. Ẹni tó ni fóònù ló ń san owó rẹ̀, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án. NCC fún wa ní 2442 láti fi kọ ìpolówó tí a kò fẹ́, mo sì yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ni fóònù ni ìyẹn ń gbèjà. Ẹni tó ń pè kọ́ ló ń yan ohun tó ń wọ etí rẹ̀. Ẹni tó ń pe àbúrò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ ti dojú dé, fẹ́ mọ ohun kan: ṣé fóònù ń dún lọ́hùn-ún? Orin kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìró tó ń dún tó ń dákẹ́ ní ìwọ̀n tó ṣeé kà; ènìyàn lè sọ pé ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹfà, kí n gé e kí n pe ẹlòmíràn. Wọ́n gba ìròyìn lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní ijó.

Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà pẹ̀lú mi títí dé ibí, tí wọ́n wá sọ pé: ó dáa, ẹ jẹ́ kí a fi dùndún ṣe ìró Nàìjíríà, kí Gánà fi fọ̀ntọ̀mfrọm ṣe tirẹ̀, kí Sẹ̀nẹ̀gàl fi sabar ṣe tirẹ̀. Wọ́n rò pé inú mi á dùn. Inú mi kò dùn sí i rárá. Ìró dùndún kún fún oríṣiríṣi ìró kéékèèké tó ń yí padà bí ọwọ́ onílù bá ṣe fún awọ pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn 425 Hz kò ní mọ ibi tó máa di mú nínú rẹ̀, línì á sì tún dí. Ìlù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìró fóònù kì í ṣe aṣọ àńkárá tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí ó jẹ́ ìró tó gbẹ, tó mọ́, tó jẹ́ bákan náà ní gbogbo nẹ́tíwọ̀kì, tí a sì kọ sílẹ̀ ní ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ìyẹn tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ní 2023, NCC pàṣẹ pé kí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà máa lo kóòdù kan náà: 310 láti wo owó tó kù, 311 láti fi káàdì sí i, 312 láti ra dátà. Ṣáájú ìgbà náà, kóòdù tí ẹ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì kan kò wúlò lórí èkejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì ṣe é. Ìró márùn-ún kò le ju kóòdù lọ: ọ̀nà ti ṣetán, fóònù ń dún, bísì, ọ̀nà dí, àti ìró mẹ́ta tó ń ṣáájú ohùn ẹ̀rọ. Kí NCC wọ̀n wọ́n, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde lójú ewé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ITU. Kí NCA ní Gánà, ARTP ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àti ARCEP ti Benin àti ti Tógò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn àjọ wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ tó kó wọn jọ, WATRA, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Abuja. ECOWAS ti ṣe òfin ní 2017 lórí ìpè àwọn tó ń rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹni tó lè ṣòfin lórí iye tí ìpè náà máa jẹ́ lè ṣòfin lórí bó ṣe máa dún. Mo fẹ́ rí i lọ́dún tó ń bọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n tú nínú páálí ní Alábà ní "Nigeria" nínú àkójọ rẹ̀, kí "Ghana" wà lókè rẹ̀, kí "Togo" wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù wà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbé àkàbà àti wáyà kiri. Ẹ yé tẹ "Next". Àwọn oníbàárà kò mọ̀, wọn kò lè mọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń sanwó fún yín nìyẹn. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti ṣiṣẹ́, mo máa ń lẹ bébà kan mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí PABX, tí mo fi bírò kọ: orúkọ nẹ́tíwọ̀kì, ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, bísì 425/500,0/500 tàbí ohun yòówù tí mo bá bá níbẹ̀, ìró ọ̀nà tó dí, àti bí fóònù ṣe ń dún. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi á rí i. Ní ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo, mo padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, mo rí i pé ẹnì kan ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà nẹ́tíwọ̀kì mìíràn sábẹ́ tèmi, ó sì fi ọjọ́ sí i.